Sìlíńdà Ìbejì Nínú Igbó Ọgìnìntìn

Ẹni tí ikọ́ ń ṣe, kó tètè wú u tán. Ẹni tó ní ẹ̀pà lẹ́nu, kó gbé e mì. Ìtàn tí mo gbé lọ́wọ́ yìí kì í dúró de ẹni tó bá ṣìnà. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí: ọdẹ ni mí, n kì í sì í ṣe ọdẹ ẹ̀gà. Mo ti rí ẹfọ̀n tó ń fi ìwo họ ojú ọ̀run. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan ṣoṣo, iwin ni ó kọ́kọ́ yó. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò, tí ẹnìkan bá dárúkọ Ọdẹ́dìran ọmọ Agbọ́nmọlẹ̀, ẹnu mi a wọlé lọ sùn. Nítorí náà mo yọ ara mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú Ọdẹ́dìran ni kí ẹ fi wò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fi rìn ín.

Ọdẹ́dìran kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyà kan kò jẹ ẹ́ rí kó gbàgbé rẹ̀. Ó rántí oyún tí Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ ní. Ó rántí bí òjò ṣe ń rọ̀, bí fìtílà ṣe ń jó bàìbàì, bí agbẹ̀bí kò ṣe rí ọ̀nà wá, àti bí ọmọ náà ṣe wáyé tí kò ké. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí oyún mìíràn dúró, Àyìnkẹ́ lọ bí i sílé ìyá rẹ̀ ní Ìpakodò. Ìbejì ló bí, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń ké bí ẹni pé wọ́n wá sin gbèsè.

Inú Ọdẹ́dìran dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà ní ẹ̀gún nínú. Ilé baba ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ ní Agbọ́nmọlẹ̀, lọ́jọ́ kẹjọ, kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn pé ìbejì mú orúkọ tirẹ̀ ti ọ̀run bọ̀. Òótọ́ ni, Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ àmútọ̀runwá ni ọmọ fi ń wọlé, orúkọ àbísọ ni ó fi ń jókòó. Ọmọ Agbọ́nmọlẹ̀ tí oòrùn ọjọ́ kẹjọ bá wọ̀ lé lórí láìní àbísọ, iwin kan ń bẹ tó ń jẹ́ Afúnnilórúkọ. Òun ni yóò wá sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tó bá sì sọ ọmọ lórúkọ ló ni ín.

Afárá Ìpakodò ti bá àgbàrá lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù gba inú Igbó Ọgìnìntìn kọjá, ilé Afúnnilórúkọ gan-an. Nínú igbó yẹn oòrùn kì í ràn, igi kì í sì í gbiná. Bí a bá ṣáná sí i, omijé ni yóò máa da sílẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí kò bá rí omi gbígbóná wẹ̀ níbẹ̀, tí kò bá rí iná yá, yóò gan kí ìyá rẹ̀ tó sọ ọ́ sẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni iwin náà sì ń bẹ̀rù: iná tó bá ń jó.

Ọdẹ́dìran lọ bá Tìámíyù wẹ́dà. Wọ́n fi páànù àti pákó kan ilé kékeré kan tó ní ibùsùn, fèrèsé àti sítóòfù, wọ́n gbé e lé táyà, wọ́n sì so ó mọ́ ìdí katakátá tí àwọn àgbẹ̀ Ìpakodò fi ń túlẹ̀. Níta, ní iwájú ilé náà, Tìámíyù fi irin de sìlíńdà gáàsì méjì ní ìdúró, èjìká sí èjìká. Rọ́bà kan jáde lórí èyí, rọ́bà kan jáde lórí tọ̀hún, àwọn méjèèjì pàdé lẹ́nu idẹ kan, láti ibẹ̀ ni gáàsì ti ń gba inú páìpù wọlé lọ bá sítóòfù. Tìámíyù po omi ọṣẹ, ó fi ra gbogbo ojú ìsopọ̀. Kò sí ibi tó hó.

Ìyá Aláró, tí í ṣe ìyá Àyìnkẹ́, jáde wá wò wọ́n. Aró ti pa ọwọ́ ìyá yìí dúdú dé ìgunpá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ó ní, "Ilé yìí náà ti bí ìbejì! Táyé nìyí lápá òsì. Kẹ́hìndé nìyí lápá ọ̀tún. Ẹ kú ewu ọmọ o, Tìámíyù."

Tìámíyù rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Ọdẹ́dìran. "Bàbá ọdẹ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí katakátá bá ń rìn, ẹ ti méjèèjì pa. Bí iná bá ń jó, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ sílẹ̀, nítorí iná ń mí bí ènìyàn. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́ ìta mí, tiyín ni yóò mí. Ọ̀kan ni kí ẹ sì máa lò. Ẹ jẹ́ kí èkejì wà ní títì."

Ọdẹ́dìran ní, "Tìámíyù, ìwọ kò tíì bí ìbejì. Ohun tí a bá ṣe fún Táyé là ń ṣe fún Kẹ́hìndé. Bí a ra fìlà fún ọ̀kan, a ó ra fún èkejì. Kí n wá ṣí Táyé sílẹ̀, kí n ti Kẹ́hìndé mọ́lé? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n bá mi jà lójú ọ̀nà ni?"

"Bàbá ọdẹ, irin mà ni wọ́n o."

"Irin ni ìbọn mi náà. Èmi àti ẹ̀ ṣì jọ ń sọ̀rọ̀."

Tìámíyù mi orí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò bá ọdẹ jiyàn, kó ti jẹun kánú.

Wọ́n gbéra. Ọdẹ́dìran wa katakátá, Àyìnkẹ́ àti ìyá rẹ̀ wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ni Ìlú Onídajì. Ojú kan, etí kan, apá kan, ẹsẹ̀ kan ni ẹnikẹ́ni ní níbẹ̀. Ẹni méjì ló ń parapọ̀ pàtẹ́wọ́ kan. Bí wọ́n bá bí ewúrẹ́, wọn a pín in sọ́gbọọgba, ìdajì fún bàbá, ìdajì fún ìyá, kò sì sí ewúrẹ́ kan tó tíì dàgbà nílùú náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ọdẹ́dìran dá katakátá dúró lójúde ọba wọn kí Ìyá Aláró lè wẹ àwọn ọmọ. Ó ṣí Táyé, ó ṣí Kẹ́hìndé, iná sọ bùlà. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí i pé ó ṣí méjèèjì dọ́gba, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní méjì méjì.

Ọba Onídajì ní, "Olódodo ènìyàn ni ọ́, ọdẹ. Ìwọ kò ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n àlọ́ kan ni owó ibodè wa. Ẹni méjì wà. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni a rán níṣẹ́, ẹni tó dúró sẹ́yìn ni ó rán an. Àwọn wo ni?"

Ọdẹ́dìran gbé àyà sókè. "Kí ló le níbẹ̀? Ọba àti ìránṣẹ́ rẹ̀ ni."

Ọba wo ìjòyè rẹ̀, ìjòyè wo ọba, ojú kan sí ojú kan. "Ìdajì ìdáhùn ni," ọba wí. "Ìdajì tó wa. Àwa kì í gba odindi nílùú yìí. Ẹ máa lọ."

"Ìdajì kejì ńkọ́?" Ìyá Aláró béèrè láti ojú fèrèsé.

"Ẹni tó bá nílò rẹ̀ yóò rí i," ọba dáhùn, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fò padà wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ dúró ná. Lẹ́yìn ìlú yẹn ni wọ́n bọ́ sí Ọ̀dàn Ìgbín. Àwọn ìgbín ibẹ̀ tóbi bí ilé, rọ́bà sì ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n yí katakátá ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lá táyà bí ọmọdé ti ń lá ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ọdẹ́dìran yìnbọn lu èyí tó tóbi jù. Ọta ta kúrò lára ìkarahun rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ó tún yìn, bákan náà.

"Ọkọ ọmọ mi," Ìyá Aláró ké, "ṣé ìbọn ni wọ́n fi ń ṣí ìgbín nílé yín ni? Ẹ gba iyọ̀!"

Ọdẹ́dìran gba igbá iyọ̀, ó fọ́n ọn yípo táyà. Ó pariwo pé, "Èmi Ọdẹ́dìran, ọmọ a-rí-ẹkùn-má-yà-lọ́nà! Ẹ wọ ìkarahun yín lọ!" Àwọn ìgbín náà hó fùùù, wọ́n ká sínú ara wọn, ọ̀nà là. Láti ibẹ̀ dé ilé, ọbẹ̀ àtẹ́ ni wọ́n jẹ. Títí dòní, bí Ọdẹ́dìran bá fẹ́ bọ iyọ̀ sí ọbẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ kí i.

Nígbẹ̀yìn wọ́n wọ Igbó Ọgìnìntìn. Ọ̀sán gangan ọjọ́ kẹjọ ni lóde, ṣùgbọ́n nínú igbó, ìmọ́lẹ̀ rí bí omi tí wọ́n fi fọ àwo. Itọ́ tí Ọdẹ́dìran tu, òkúta ló dún nílẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ òsì là. Ó ń gbọ́ ohùn kan tó ń tẹ̀lé ilé náà lẹ́yìn, tó ń ka oríṣiríṣi orúkọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ariwo katakátá kò jẹ́ kí ohùn náà súnmọ́ wọn. Ṣùgbọ́n láàárín gbùngbùn igbó, ògiri yìnyín kan dábùú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ń bẹ lára rẹ̀, ó wà ní títì. Yìnyín ṣóńṣó-ṣóńṣó sì rọ̀ dirodiro lókè ibi tí wọ́n wà, wọ́n ń gbọ̀n bí katakátá ti ń kù. Ọdẹ́dìran pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n má baà wó lé ilé náà lórí. Òun náà wọlé, wọ́n dáná, wọ́n dúró de ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò ṣí. Ó ti ṣí Táyé àti Kẹ́hìndé pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ó pẹ́ títí. Ìyá Aláró wẹ àwọn ọmọ, ó wẹ Àyìnkẹ́, ó tún gbé omi kaná. Nígbà náà ni ojú kan yọ ní ibi tí fèrèsé ṣí díẹ̀. Kò ní àwọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ yìnyín.

"Ẹ kú ìsimi," Afúnnilórúkọ wí. "Mo wá kí àwọn ọmọ mi."

"Ọmọ ta?" Àyìnkẹ́ dáhùn. "Oòrùn kò tíì wọ̀."

"Nínú igbó tèmi, oòrùn ti wọ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá ọkọ rẹ. Iná yẹn nìkan ni mo ń dúró dè. N kò kánjú."

"Ìwọ tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ, kí ni ìyá tìrẹ gan-an ń pè ọ́?"

Ojú náà fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kò ní orúkọ kankan tí ìyá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò lọ. Bí ó ṣe ń wò wọ́n, iná orí sítóòfù dínkù díẹ̀. Gbogbo wọn rí i. Iwin náà rí i.

Ọdẹ́dìran bu omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ike, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ síwájú ilé. Ó da omi náà sí ẹ̀gbẹ́ Táyé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ọ láti òkè wá sílẹ̀, bí ọdẹ ti ń wá ooru ẹsẹ̀ ẹranko lórí ilẹ̀. Ibi tí sìlíńdà bá ti ṣófo, omi á jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ibi tí gáàsì bá kù dé, yóò tutù. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ lókè, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ láàárín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí kí ó tó tutù. Ó yára da ìyókù sára Kẹ́hìndé. Bákan náà. Àwọn méjèèjì ti jọ ń tán lọ láti Ìlú Onídajì, kò sì sí èyí tó kú kó lè kìlọ̀ fún un. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ló ń lò ni, iná ì bá ti kú lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, òun ì bá ti yí katakátá padà lọ rọ gáàsì, kí òun tó wọ igbó yìí rárá.

Ó wọlé, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún wọn. Àyìnkẹ́ fa àwọn ọmọ mọ́ àyà. Ọdẹ́dìran wo apá kékeré Táyé tó yọ láti inú aṣọ, ó rántí òjò ọjọ́ kan àti fìtílà tó ń jó bàìbàì.

Ìyá Aláró náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ ti Kẹ́hìndé pa."

"Ìyá mi, kí n máa jẹ Kẹ́hìndé níyà ní irú àkókò yìí?"

"Ọkọ ọmọ mi, ta ló kọ́kọ́ jáde nínú àwọn ọmọ yìí?"

"Táyé ni."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Kẹ́hìndé ni, Ìyá mi."

"Àbúrò ló wá ṣíwájú ẹ̀gbọ́n jáde?"

"Kẹ́hìndé ló rán an kó lọ tọ́ ayé wò." Ọdẹ́dìran gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ìdajì kejì àlọ́ ọba wá dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ ẹ̀ rí i," ìyá náà wí. "Aṣọ la fi ń ṣe dọ́gba-dọ́gba fún wọn, oúnjẹ la fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà wáyé, ọ̀kan ṣoṣo ni, wọn ò sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà ni, òkú ọmọ mi là bá ti sin. Kì í ṣe ìyà ni Kẹ́hìndé ń jẹ bó bá wà lẹ́yìn. Ipò rẹ̀ ni."

Àyìnkẹ́ gbójú sókè. "Bàbá Ìbejì, iwin yẹn rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iná wa lè kú."

Kò sí ẹni tó tún nílò àlàyé. Ọdẹ́dìran jáde, ó ti Kẹ́hìndé pa, ó ba mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e lórí. Nínú ilé, Ìyá Aláró jókòó sídìí sítóòfù tó wà lábẹ́ fèrèsé, ó fi ìṣáná pamọ́ sábẹ́ ìtẹ́lẹ̀ ìró rẹ̀. Irin náà tutù dé ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ọdẹ lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ mọ́ ewé. Kò fà á kúrò. Ó gbọ́ bí rọ́bà Táyé ti ń súfèé, tí súfèé náà ń dín, tí ó di mímí, tí ó dákẹ́.

Pú. Iná kú.

Afúnnilórúkọ rẹ́rìn-ín, igbó sì dá a lóhùn. Ó ti fèrèsé sẹ́yìn gbàgà, ó na ọwọ́ wọlé, ó na ọrùn tẹ̀lé e, ó da irùngbọ̀n rẹ̀ sórí sítóòfù, ojú rẹ̀ súnmọ́ àwọn ọmọ. Ó la ẹnu. "Láti òní lọ," ó wí, "orúkọ tí ẹ ó máa jẹ́ ni..."

Ìyá Aláró wúkọ́.

Ọdẹ́dìran yí orí Kẹ́hìndé. Awọ ọwọ́ rẹ̀ bó pẹ̀lú irin náà. Ó gbọ́ bí ó ṣe ya, ó sì tún yí i sí i. Gáàsì sáré wọ páìpù. Ìṣáná tí ìyá náà kọ́kọ́ ṣá, ó ṣẹ́. Èyí tó tẹ̀lé e gbà. Iná búlúù gbéra láàárín irùngbọ̀n yìnyín, ó kó wọ ẹnu tó là sílẹ̀, ó sì jó orúkọ náà lórí ahọ́n rẹ̀ kí ó tó jáde. Eérú ló bọ́ sílẹ̀. Igbe tí iwin náà ké, mo lè ké e fún yín níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ó sá lọ, ta ni yóò wá gbọ́ ìparí? Igbe yẹn ló la ògiri yìnyín sí méjì láti òkè dé ilẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán fi gba àárín rẹ̀ wọlé bí àlejò tó ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ti Kẹ́hìndé pa kẹ́ ẹ tó wakọ̀ o!" Ìyá Aláró ké.

"Mo ti tì í, Ìyá mi!"

Oòrùn ti ń rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ Agbọ́nmọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀. Àwọn ará ilé ti kó oyin, iyọ̀ àti obì jáde, wọ́n ń wo ojú ọ̀run, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Baálé àgbà gbé àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ Táyé ní Ọdẹ́yínká. Nígbà tó kan Kẹ́hìndé, ó bi bàbá wọn ní orúkọ tó fẹ́. Ọdẹ́dìran, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àkísà, ní, "Ọdẹ́rántí." Oòrùn wá wọ̀ lẹ́yìn náà, kò rí ẹnikẹ́ni mú lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́hìndé tí ìdí rẹ̀ ṣì ní gáàsì ló se oúnjẹ àárọ̀ fún gbogbo agboolé. Ọdẹ́dìran tú Táyé lára irin, ó gbé e lé èjìká láti lọ rọ gáàsì sí i. Àbúrò rẹ̀ kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò kó méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan? Ṣebí ìbejì ni ẹ pè wọ́n?"

"Ìbejì ni wọ́n," Ọdẹ́dìran dáhùn. "Táyé ń jíṣẹ́. Kẹ́hìndé ló rán an." Ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ó ń rọra fi ọwọ́ tó bó di sìlíńdà mú.

Bí ẹ bá dé Agbọ́nmọlẹ̀, ẹ ní kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún hàn yín. Àpá orí sìlíńdà wà níbẹ̀, ó rí roboto. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ ọ̀nà igbó náà. Katakátá ń bẹ. Mo lè mú un débẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní bá a wọlé.